Àjọlò, ìpín àti àdàkọ: bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nípa àkójọ orin inú ilé

Àjọlò (ọ̀rọ̀-orúkọ). À- + jọ + lò ni a fi ṣẹ̀dá rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí a ti ṣẹ̀dá àjọjẹ àti àjọṣe. Ó túmọ̀ sí lílò tí ènìyàn púpọ̀ ń lo ohun kan náà, láìsí pé ó di ti ẹnì kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀.

Pín ni ọ̀pọ̀ ògbufọ̀ ń lò fún *share* ti Gẹ̀ẹ́sì. Ṣùgbọ́n ohun tí a bá pín, bí ogún tàbí ẹran, ti di ìpín: ti Òjó kì í ṣe ti Àìná mọ́.

Ẹ jẹ́ kí a fi ilé kan ní Okeluse, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ṣe àpẹẹrẹ. Bàbá kó orin Orlando Owoh sínú kọ̀ǹpútà, Wáífáì inú ilé sì so ó pọ̀ mọ́ fóònù gbogbo wọn. Ìyá ń gbọ́ orin kan ní ilé ìdáná, ọmọ ń gbọ́ òmíràn ní yàrá. Síbẹ̀ ojú kan ni orin wà. Èyí ni àjọlò. Bí bàbá bá pa orin kan rẹ́, ó parẹ́ fún gbogbo wọn. Bí iná bá lọ tí kọ̀ǹpútà sì kú, gbogbo ilé dákẹ́.

Bí ọmọ náà bá wá fi Bluetooth fi orin ránṣẹ́ sí ọ̀rẹ́ rẹ̀, àdàkọ ni. Ó ti di méjì. Bí ọ̀kan parẹ́, èkejì wà.

Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe ti onígírámà nìkan. Ní oṣù kẹrin ọdún 2003, iTunes ti ilé-iṣẹ́ Apple jẹ́ kí ènìyàn lè gbọ́ orin inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn. Láìpẹ́, àwọn kan ń gba orí íntánẹ́ẹ̀tì wọ àkójọ ẹni tí wọn kò mọ̀ rí, wọ́n sì ń dà á kọ. Ní oṣù karùn-ún, Apple fi ààlà sí i: kò kọjá àwọn kọ̀ǹpútà tí ó wà lórí ìsokọ́ra kan náà nínú ilé tàbí ọ́fíìsì.

Àpẹẹrẹ
• A jọ ń lo àkójọ orin bàbá wa.
• Ó fi orin náà ránṣẹ́ sí mi.
• Wọ́n pín rẹ́kọ́ọ̀dù olóògbé fún àwọn ọmọ rẹ̀.

Àkíyèsí fún ògbufọ̀. Ẹ má pe àkójọ orin ní ilé-ìkàwé. Ìwé ni a ń kà níbẹ̀. Ní ti ọ̀rọ̀ tí a kọ sórí Facebook, pín ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, kò sì sí ìdí láti bá a jà. Ṣùgbọ́n fún orin inú ilé, “Jẹ́ kí ará ilé jọ lò ó” yé ni ju “Pín in” lọ, nítorí ẹni tí ó kà á yóò mọ̀ pé orin òun kò kúrò lọ́wọ́ òun.