Ihò Plọ́ọ̀gì Kan Kò Tó Sọ Ọkọ̀ Bàbá Wa Di Irin Àlòkù

Láìpẹ́ yìí, ọ̀kan nínú wa fẹ́ ta Peugeot 504 tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Kí ló dé? Tírẹ́ẹ̀dì ihò plọ́ọ̀gì kan ló ti bó.

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ yìí ní Kàdúná. Alumíníọ̀mù ni orí ẹ́ńjíìnì rẹ̀. Kò le tó irin plọ́ọ̀gì. Ẹni tó bá fi sípánà dè é tipátipá ló ń bà á jẹ́.

Kí ẹ tó wá orí mìíràn lọ sí Uwelu, ẹ ní kí mẹkáníìkì fi táàpù gé tírẹ́ẹ̀dì tó fẹ̀ díẹ̀ sínú ihò náà, kó wá yí wáyà irin aláyìípo sí i. Inú rẹ̀ ni plọ́ọ̀gì mílímítà 14 yóò ti rí ibi dì mú. Kó fi gíríìsì kun táàpù, kí èérún má bàa bọ́ sínú ẹ́ńjíìnì. Ọwọ́ lásán ni kó kọ́kọ́ fi yí plọ́ọ̀gì wọlé, kí ẹ́ńjíìnì sì ti tutù.

Bẹ́ẹ̀ la gba ẹni wa nímọ̀ràn. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ti padà sójú títì. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.