Ẹ̀kọ́ Ọ̀fẹ́ Lọ́jọ́ Ogbó: Àǹfààní Rẹ̀ fún Ọpọlọ

Nígbà tí àgbàlagbà bá fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́, tí àwọn ọmọ sì ti lọ tán, ilé a máa dá páropáro. Ní ọdún 2024, ìgbìmọ̀ onímọ̀ tí ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet gbé kalẹ̀ ka dídá wà àti àìkàwé tó mọ́ ohun 14 tó ń dá kún àrùn ìgbàgbé, tí a sì lè wá nǹkan ṣe sí.

Láti ọdún 1964 ni Yunifásítì Kentucky ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń gba àgbàlagbà láìgba owó ẹ̀kọ́. Ará ìpínlẹ̀ náà tó bá ti pé ọmọ ọdún 65 lè jókòó ti àwọn ọ̀dọ́, bí àyè bá ṣẹ́ kù ní kíláàsì.

Ìjókòó lásán kọ́ ló ń ṣàǹfààní. Ìwádìí Yunifásítì Texas ní ìlú Dallas, tó jáde ní ọdún 2014, fi hàn pé ìrántí àwọn àgbàlagbà tó fi oṣù mẹ́ta kọ́ iṣẹ́ fọ́tò tàbí aṣọ rírán sàn sí i ju ti àwọn tó kàn ń pàdé ṣe fàájì lọ.

Ní Nàìjíríà, Olóyè Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ gba oyè ọ̀mọ̀wé ní National Open University ní ọdún 2018, lẹ́yìn tó pé ẹni 80 ọdún. Ṣùgbọ́n owó ìfẹ̀yìntì ọ̀pọ̀ ènìyàn kò tó oúnjẹ àti oògùn, áḿbọ̀sìbọ́sí owó ilé-ẹ̀kọ́. Kíláàsì ẹ̀kọ́ àgbà, ti mọ́sáláṣí tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀.

Síbẹ̀, ẹ̀kọ́ kì í ṣe oògùn: ẹni tí ìgbàgbé rẹ̀ bá ń peléke, kí ó tètè lọ rí dókítà.