Ọ́fíìsì Ń Kó, Ọkàn Òṣìṣẹ́ Kò Balẹ̀: Kí Ni Ká Ṣe?

Àìsàn kan wà tí kì í ṣe kòkòrò ló ń fà á, tí ẹ̀fọn kò sì mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Òun ni àìbalẹ̀ ọkàn tí í mú òṣìṣẹ́ nígbà tí ọ̀gá bá ní àwọn ń tún ètò ọ́fíìsì ṣe, bóyá nítorí pé àyè kò gba èèyàn mọ́ tàbí pé owó ilé ti pọ̀ jù. Láti ọjọ́ náà ni olúkúlùkù yóò ti máa bi ara rẹ̀ pé: "Ṣé èmi náà wà nínú àwọn tí wọn yóò kó lọ? Níbo ni wọn yóò gbé mi sí? Àbí wọn yóò kúkú ní kí n máa lọ sílé?"

Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Báńkì Àpapọ̀ ilẹ̀ wa, èyí tí a mọ̀ sí CBN, sọ fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ pé olú-iléeṣẹ́ àwọn ní Àbújá, tí a kọ́ fún èèyàn 2,700, ti di ilé èèyàn 4,233. Wọ́n ní àwọn yóò kó 1,533 lọ sí àwọn ilé mìíràn ní Àbújá, sí Èkó, àti sí àwọn ẹ̀ka tí òṣìṣẹ́ kò tó. Ariwo pọ̀ lórí ọ̀rọ̀ náà. Ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn olóṣèlú sílẹ̀, ká ro ti òṣìṣẹ́ tí ọmọ rẹ̀ wà níléèwé, tí ìyàwó rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀, tó sì ti san owó ilé ọdún kan sílẹ̀.

Àwa ará Èkìtì náà mọ̀ ọ́n. Nígbà tí a dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ láti ara Ìpínlẹ̀ Òǹdó ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá ọdún 1996, ọ̀pọ̀ ọmọ wa tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Àkúrẹ́ ló di ẹrù wá sí Adó. Ohun ayọ̀ ni, síbẹ̀ ẹni tí ilé àti ọmọ rẹ̀ wà ní Àkúrẹ́ ní ìrònú tirẹ̀.

Kí ló dé tí àìmọ̀ fi ń bá ara jà? Ní ọdún 2016, àwọn onímọ̀ ní Yunifásítì UCL ní Lọ́ńdọ̀nù gbé ìwádìí kan jáde. Wọ́n ní kí èèyàn 45 ṣe eré lórí kọ̀ǹpútà, kí wọ́n máa sọ bóyá ejò wà lábẹ́ òkúta. Bí ejò bá wà níbẹ̀, iná mànàmáná díẹ̀ yóò ta wọ́n lọ́wọ́. Ẹni tó mọ̀ dájú pé iná yóò ta òun kọ́ ni àyà rẹ̀ já jù. Ẹni tí tirẹ̀ jẹ́ bóyá ni, bóyá kọ́, ni.

Ní Lọ́ńdọ̀nù kan náà, láti ọdún 1985, àwọn dókítà bẹ̀rẹ̀ sí í tọpa ìlera òṣìṣẹ́ ìjọba 10,308. Ẹ̀ka kan wà láàárín wọn tí ìjọba fẹ́ tà, ẹ̀ka tó ń bójú tó ilé àti ọ́fíìsì ìjọba gan-an. Ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní ọdún 1995 fi hàn pé ìlera àwọn òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ti ń burú sí i nígbà tí wọ́n ṣì ń retí, kí ìyípadà náà tó dé.

Bí ẹ̀rù bá ba èèyàn, ọkàn a máa lù kìkì, iṣan ẹ̀jẹ̀ a fún, oorun a dá lójú. Èyí wúlò bí ajá bá ń léni. Ṣùgbọ́n bó bá di ti oṣù mẹ́ta, mẹ́rin, ó di ìyọnu. Akọ̀wé kan wá sí díspẹ́ńsárì wa ní Ìyìn nítorí orí fífọ́. Ó ti lo oògùn ibà lẹ́ẹ̀mejì, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò kò rí ibà kankan. Ìgbà tí mo bi í nípa oorun rẹ̀ ló tó sọ pé ó ti pé oṣù mẹ́ta tí ọ̀gá àwọn ti ní ọ́fíìsì yóò kó, kò sì sí ẹni tó dá ọjọ́.

Bí irú rẹ̀ bá bá yín, ẹ ṣe báyìí:

1. Ẹ lọ wọn ẹ̀jẹ̀ yín. Ẹ kọ́kọ́ jókòó jẹ́ẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Bó bá tó 140/90 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ ní ọjọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, ẹ rí dókítà. Ẹni tó ti ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kò gbọdọ̀ dá a dúró. Bí wọ́n bá gbé e lọ sí ìlú mìíràn, kó gba ìwé lọ́wọ́ ilé ìwòsàn rẹ̀ dání.

2. Ẹ má fi ògógóró tàbí paraga wá oorun, ẹ má sì ra oògùn oorun jẹ láìsí àṣẹ dókítà. Ẹ jìnnà sí obì àti kọfí láti ọ̀sán lọ.

3. Ẹ máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀. Ẹ dín iyọ̀ kù: kó má ju ṣíbí tíì kan lọ fún ẹnì kan lójúmọ́, ká ka ti inú màgí mọ́ ọn.

4. Ẹ kọ ohun tí ẹ mọ̀ dájú sí apá kan ìwé, kí ẹ kọ àhesọ sí apá kejì. Ẹ jùmọ̀ bi àwọn ọ̀gá ní tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀: Ọjọ́ wo? Ẹ̀ka wo? Ta ni yóò san owó ẹrù? Ṣé ọmọ yóò parí sáà ẹ̀kọ́ rẹ̀?

5. Ẹ sọ fún ọkọ tàbí aya yín. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Ẹ̀yin ìyá ilé, bí baálé bá ń kanra láìnídìí, ẹ fi pẹ̀lẹ́ bi í léèrè iṣẹ́.

Bí àyà bá ń dunni gidigidi, bí ẹnu bá wọ́, bí apá kan bá rọ, tàbí tí ọ̀rọ̀ kò yọ mọ́, ilé ìwòsàn ni lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, ẹ má dúró dàárọ̀. Ẹni tó bá sì ń sọ pé ikú yá ju ayé lọ, ẹ má fi òun nìkan sílẹ̀. Ẹ mú un wá.

Ẹ̀yin ọ̀gá iléeṣẹ́, ẹ gbọ́ tiwa náà. Bí ẹ kò tíì pinnu, ẹ sọ pé ẹ kò tíì pinnu, kí ẹ sì dá ọjọ́ tí ẹ ó sọ ọ́. Àròkàn ní í fa ẹkún àsun-ùn-dá, ọjọ́ tí a dá tí a sì pa mọ́ sì lè gba òṣìṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀.