Ìṣirò mean-field: ó bá idẹ Igun mu, àmọ́ kì í ṣe gbogbo nǹkan ló bá mu

Ní Òpópónà Igun nílùú Benin, idẹ ni àwọn ọmọ Igun Eronmwon ń yọ́, tí wọ́n ń dà sínú amọ̀ tí ìda ti ṣàn kúrò nínú rẹ̀. So idẹ náà mọ́ wáyà, iná á gba inú rẹ̀ kọjá. Gbé òòfà sún mọ́ ọn, kò ní fà á. Ìwà àwọn ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù inú rẹ̀ ló fa méjèèjì, bẹ́ẹ̀ wọn kò lóǹkà, gbogbo wọn ló sì ń ti ara wọn. Àwọn kan á ní kí kọ̀ǹpútà ńlá ṣírò wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò lè ṣe é. Ká tiẹ̀ ní ọ̀nà méjì péré ni átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan lè gbà wà, iye ètò tí 300 átọ́ọ̀mù lè tò sí ti ju iye átọ́ọ̀mù tó wà nínú gbogbo àgbáyé tí awò lè rí lọ.

Ọgbọ́n tí Douglas Hartree dá ní 1928, tí Vladimir Fock tún ṣe ní 1930, ni pé ká mú ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù kan, ká kó títì gbogbo àwọn yòókù pọ̀ di ẹyọ agbára kan, ká ṣírò, ká fi èsì rẹ̀ tún agbára náà ṣe, títí tí kò fi ní yí padà mọ́. Awakọ̀ tó wọ Ring Road nírọ̀lẹ́ kì í ka ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan. Súnkẹrẹ-fàkẹrẹ lápapọ̀ ló ń bá fínra. Ọgbọ́n yìí, tí wọ́n ń pè ní mean-field, bá idẹ mu dáadáa. Ohun tí mo ń sọ ni pé iye aládùúgbò àti bí títì náà ṣe le tó ló ń pinnu bóyá yóò bá nǹkan mìíràn mu. Ẹ wo àwòṣe òòfà tí Ernst Ising yẹ̀ wò ní 1925. Tí a bá to átọ́ọ̀mù sórí ìlà kan, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní aládùúgbò méjì, mean-field ní òòfà kò ní kú títí ìgbóná yóò fi dé 2 lórí òṣùwọ̀n àwòṣe náà. Òótọ́ ibẹ̀ ni òdo. Tí aládùúgbò bá di mẹ́rin, ó ní 4. Lars Onsager fi hàn ní 1944 pé 2.27 ni. Tí wọ́n bá di mẹ́fà, ó ní 6, òótọ́ sì jẹ́ nǹkan bíi 4.51. Bí aládùúgbò ṣe ń pọ̀ sí i ni àṣìṣe ń dín kù.

Títì tó le tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ. Láti 1937 ni wọ́n ti mọ̀ pé iná kì í gba inú nickel oxide kọjá, nígbà tí ìṣirò ní ó yẹ kó gbà á. Àwọn tó mọ̀ ọ́n á dáhùn pé tí a bá jẹ́ kí àwọn òòfà kéékèèké inú rẹ̀ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn kọjú sí òdìkejì ara wọn, mean-field náà á rí i pé kò gbé iná. Òótọ́ ni, àmọ́ tí nickel oxide bá gbóná ju nǹkan bíi 250°C lọ, ètò yẹn túká, síbẹ̀ iná kì í gbà á kọjá. Àwòṣe tí John Hubbard gbé jáde ní 1963 ni àwọn onímọ̀ fi ń wá ìdí ìyẹn.

Ṣé ká wá ju mean-field nù? Rárá o. Láìsí i, a kò ní ibi tí a ó ti máa wọn ohun tó ṣẹ́ kù. Ẹ̀yin olùkọ́ físíìsì, ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ tí ẹ bá fi 4 kọ́ àwọn ọmọ, ẹ fi 2.27 hàn wọ́n pẹ̀lú.