Omi Ẹ̀wà Kì í Sọ Ohun Tó Wà Nínú Hóró

Bí ìdájí bá ti là ní Apákun, kí èrò tó kún ojú títì tó lọ sí Oṣòdì, àwọn ìyá alákàrà ti wà nídìí ẹ̀wà. Wọ́n á gbo èyí tí wọ́n rẹ sómi, èèpo á bọ́, wọ́n á ṣan án léraléra, wọ́n á da omi nù, kí wọ́n tó lọ̀ ọ́. Ẹni tó tọ́ omi yẹn wò kò tíì mọ adùn ẹ̀wà. Inú hóró ni ohun tí à ń wá wà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ magnésíọ̀mù inú ẹ̀jẹ̀ rí. Láìsí èròjà yìí, sẹ́ẹ̀lì ò lè lo agbára tó ń rí nínú oúnjẹ. Nínú omi ẹ̀jẹ̀, ó sábà máa ń wà láàárín 0.7 sí 1.0 mílímọ́ọ̀lù nínú lítà kan. Nínú sẹ́ẹ̀lì pupa, ó tó ìlọ́po méjì sí mẹ́ta bẹ́ẹ̀.

Ìyàtọ̀ yìí tún hàn nínú ẹ̀jẹ̀ tí èèyàn fi tọrẹ. Inú fíríìjì tó tutù dé 2 sí 6 °C ni wọ́n ń tọ́jú rẹ̀ sí, fún ọjọ́ 35 tàbí 42, bí oògùn tí wọ́n pò mọ́ ọn bá ṣe rí. Nínú òtútù yìí, pọtásíọ̀mù ń jò jáde lójoojúmọ́. Magnésíọ̀mù kì í yára jò bẹ́ẹ̀, torí pé ọ̀pọ̀ rẹ̀ rọ̀ mọ́ àwọn èròjà inú sẹ́ẹ̀lì tó ń jẹ́ ATP àti 2,3-DPG. Ṣùgbọ́n láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, 2,3-DPG á ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á tún bẹ́, wọ́n á da ti inú wọn sínú omi. Nítorí náà, omi inú àpò ẹ̀jẹ̀ kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó dájú.

Ẹni tó fẹ́ wọn magnésíọ̀mù inú sẹ́ẹ̀lì á fi ẹ̀rọ yí ẹ̀jẹ̀ kíkankíkan títí sẹ́ẹ̀lì á fi sọ̀ kalẹ̀, á fa omi orí rẹ̀ kúrò, á fi omi iyọ̀ tútù ṣan sẹ́ẹ̀lì náà, á wá fi omi tí kò ní iyọ̀ bẹ́ ẹ. Á po lántánọ́ọ̀mù mọ́ ọn kí fọ́sífétì má bàa di magnésíọ̀mù mú, á fẹ́ ẹ sínú iná, á sì tan ìmọ́lẹ̀ 285.2 nánómítà gba inú iná náà kọjá. Bí magnésíọ̀mù bá ṣe pọ̀ tó ni ìmọ́lẹ̀ tó máa gbé mì á ṣe pọ̀ tó. Alan Walsh, ará Ọsirélíà, ló gbé ọ̀nà yìí kalẹ̀ ní 1955.

Ìdí-Àràbà kò jìnnà sí Apákun. Ibẹ̀ ni ilé ìwòsàn LUTH àti Sickle Cell Foundation Nigeria wà, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ òbí ń gbé ọmọ tó ní àrùn fòníkú-fọ̀ladìde lọ. Magnésíọ̀mù sábà máa ń dín nínú sẹ́ẹ̀lì pupa irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Bó bá ti dín, pọtásíọ̀mù àti omi á máa sá jáde, sẹ́ẹ̀lì á gbẹ, á sì tètè tẹ̀. Ní 1997, àwọn olùwádìí fún àwọn aláìsàn ní magnésíọ̀mù mu: ti inú sẹ́ẹ̀lì wọn lọ sókè, èyí tó gbẹ sì dín kù. Ṣùgbọ́n ní 2015, nígbà tí wọ́n fà á sára àwọn ọmọdé ní Amẹ́ríkà nígbà ìrora, kò dín ọjọ́ tí wọ́n lò nílé ìwòsàn kù.

Oògùn tó wọ inú sẹ́ẹ̀lì lọ kò tíì di ìwòsàn. Síbẹ̀, ẹni tó wọn omi nìkan kò lè mọ̀ bóyá ó tilẹ̀ wọlé. Ó yẹ kí òbí àti dókítà máa bi àwọn aláyẹ̀wò léèrè pé: ṣé omi ẹ̀jẹ̀ lẹ wọ̀n ni, àbí sẹ́ẹ̀lì?