Ẹ̀rọ Apínrù àti Ètò Ìsopọ̀ Rẹ̀: Ẹ̀kọ́ Kan láti Inú Ìdánwò JAMB Ọdún 2025

Ọwọ́ kan kì í gbé ẹrù dórí. Bí ó ti rí fún aláàárù, bẹ́ẹ̀ ni ó rí fún kọ̀ǹpútà tí ń dá ọ̀pọ̀ ènìyàn lóhùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Iléeṣẹ́ tí èrò rẹ̀ bá pọ̀ a máa to sáfà púpọ̀ jọ, a sì fi ẹ̀rọ kan síwájú wọn. Ẹ̀rọ yìí ni a ó pè ní apínrù. Iṣẹ́ rẹ̀ jọ ti oníbodè: ó ń gba ẹni tó dé, ó sì ń darí rẹ̀ sí ibi tí àyè wà.

Ètò mẹ́ta ni ó ṣe pàtàkì jù fún un. Èkínní ni àkókò ìdákẹ́, ìyẹn iye ìṣẹ́jú-àáyá tí apínrù yóò fi ní sùúrù fún ìsopọ̀ tí ọ̀rọ̀ kò kọjá lórí rẹ̀ mọ́, kí ó tó gé e. Bí ó bá kúrú jù, a ó gé ẹni tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì rẹ̀ ń fà. Bí ó bá gùn jù, ìsopọ̀ tó ti kú yóò máa gba àyè. Lórí Network Load Balancer ti Amazon, ìṣẹ́jú-àáyá 350 ni fún ìsopọ̀ TCP bí a kò bá fọwọ́ kàn án. Láti ọdún 2024, a lè yí i sí iyekíye láàrin 60 àti 6000. Èkejì ni àkókò ìdágbére: sáfà tí a fẹ́ yọ kò ní gba àlejò tuntun mọ́, ṣùgbọ́n a ó fún un láàyè láti parí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Ẹ̀kẹta ni àyẹ̀wò ìlera, tí apínrù fi ń bi sáfà kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó ṣì wà láàyè.

A lè fi ọwọ́ ṣe àwọn ètò wọ̀nyí lọ́kọ̀ọ̀kan. A sì lè gba ọ̀nà API, èyí tí ètò kọ̀ǹpútà kan ń gbà pàṣẹ fún òmíràn. Àṣẹ ModifyListenerAttributes ni ó ń yí àkókò ìdákẹ́ padà. DescribeListenerAttributes ni ó ń béèrè ohun tí apínrù ń lò lọ́wọ́lọ́wọ́. Àǹfààní rẹ̀ ni pé àṣẹ kan ṣoṣo tí a kọ sílẹ̀ lè dé ọ̀dọ̀ apínrù mẹ́wàá láìyàtọ̀, a sì lè padà bi ọ̀kọ̀ọ̀kan léèrè bóyá ó gbọ́.

Ìbéèrè ẹ̀yìn yìí kì í ṣe àṣejù. Ní ọjọ́ 14 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, àjọ JAMB, tí olú iléeṣẹ́ rẹ̀ wà ní Bwari ní Abuja, kéde pé àṣìṣe ti kan ìdánwò UTME àwọn olùdíje 379,997 ní ibùdó 157: 65 ní Ìpínlẹ̀ Èkó, 92 ní ìhà Gúúsù-Ìlà-Oòrùn. Àjọ náà ṣàlàyé pé a kò fi àtúnṣe tuntun sórí díẹ̀ nínú àwọn sáfà tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn agbègbè wọ̀nyí. Wọ́n sì ní kí àwọn tó fara gbá a tún ìdánwò náà ṣe.

Kì í ṣe apínrù ni a dá lẹ́bi fún èyí, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ náà kàn án gbọ̀ngbọ̀n. Sáfà tí kò gba àtúnṣe lè wà láàyè kí ó sì máa dáhùn. Àyẹ̀wò tí kò béèrè ju wíwà láàyè lọ yóò kà á sí ara àwọn tó pé. Nítorí náà, ó yẹ kí a darí àyẹ̀wò ìlera sí ojú-ìwé kan lórí sáfà, èyí tí yóò dáhùn rere kìkì bí àtúnṣe tó yẹ bá ti wà níbẹ̀. Apínrù kò ní rán ẹnikẹ́ni sí èyí tí ó bá kùnà. Iṣẹ́ kò tíì parí nígbà tí a pàṣẹ. Ó parí nígbà tí sáfà kọ̀ọ̀kan bá jẹ́rìí pé òun ti gbà á.