Èéfín Olóró Lójú Ogun

Ẹlòmíràn lè béèrè pé kí ni ó kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ èéfín olóró. Èsì mi ni pé ọ̀rọ̀ òfin ni, ọ̀rọ̀ ni a sì fi ń ṣe òfin. Níbi tí ọ̀rọ̀ bá ti lu ihò, ibẹ̀ ni ikú ń gbà wọlé.

Ní ọdún 1899, àwọn orílẹ̀-èdè kan fẹnu kò ní ìlú Hague pé àwọn kò ní yin ọta tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kí ó tú èéfín olóró jáde lọ. Ẹ ṣàkíyèsí ọ̀rọ̀ náà, "ọta". Nígbà tí ó di ọjọ́ 22 oṣù kẹrin ọdún 1915, ní Ypres ní ilẹ̀ Bẹ́ljíọ̀mù, àwọn ọmọ ogun Jámánì kò yin ọta. Àgbá irin tí ó lé ní 5,000 ni wọ́n tò sí ẹ̀bá yàrà wọn. Nígbà tí afẹ́fẹ́ kọjú sí àwọn ọ̀tá, wọ́n ṣí wọn sílẹ̀. Àgbá kì í ṣe ọta. Ihò inú òfin nìyẹn.

Gáàsì kílórìnì ni ó wà nínú àgbá wọ̀nyí. Ó wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ ní nǹkan bí ìlọ́po méjì àti ààbọ̀, nítorí náà ilẹ̀ ni ó ń rá mọ́, tí ó sì ń ṣàn wọ inú yàrà tí jagunjagun sá sí. Bí ó bá dé inú ẹ̀dọ̀fóró, a pò mọ́ omi ara, a di ásíìdì, a sì jó ẹran ibẹ̀. Omi a wá kún ẹ̀dọ̀fóró, ẹni tí ó dúró lórí ilẹ̀ gbígbẹ a sì kú bí ẹni tí ó rì sómi. Àwọn ọmọ ogun tí Faransé kó wá láti Àlìjíríà wà lára àwọn tí ó kọ́kọ́ fara gbá a. Fritz Haber, ẹni tí ó ṣe ètò náà, ni ó wá ọ̀nà tí a fi ń ti inú afẹ́fẹ́ rí èròjà ajílẹ̀. Ọwọ́ tí ó ń bọ́ ayé náà ni ó fún ayé lọ́rùn. Láìpẹ́, tọ̀tún tòsì ni wọ́n ń lò ó.

Ní ọdún 1925, wọ́n ṣe òfin mìíràn ní Geneva pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi gáàsì jagun mọ́. Wọn kò ní kí a má ṣe é, wọn kò sì ní kí a má tọ́jú rẹ̀ pamọ́. Ítálì fọwọ́ sí òfin yìí. Síbẹ̀, nígbà tí ó gbógun ti Ẹtiópíà ní 1935, bàálù rẹ̀ da gáàsì músítáàdì lé àwọn ènìyàn lórí. Bí òróró ni èyí rí. Bí ó bá kan ara, ó lè tó wákàtí mélòó kan kí ó tó lé ròrò bí ará tí omi gbígbóná bó, ojú a sì fọ́. Ọ̀pọ̀ jagunjagun Ẹtiópíà kò wọ bàtà. Ní ọjọ́ 30 oṣù kẹfà ọdún 1936, Ọba Haile Selassie rojọ́ ní Geneva níwájú ìgbìmọ̀ àwọn orílẹ̀-èdè. Wọ́n gbọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n dìbò láti mú ìjìyà Ítálì kúrò. Ó di 1996 kí ìjọba Ítálì tó jẹ́wọ́.

Òfin ọdún 1993 ni ó dí ihò náà: má ṣe é, má tọ́jú rẹ̀, má lò ó. Amẹ́ríkà pa èyí tí ó kù lọ́wọ́ rẹ̀ run ní 2023. Ṣùgbọ́n gáàsì ti pa ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn Kọ́dì ní Halabja ní 1988, ó sì tún pa ọmọdé àti àgbà ní Síríà lẹ́yìn òfin tuntun yìí.

Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ òfin ti pé wàyí. Ohun tí Ẹtiópíà kò rí ní 1936 ni ẹni tí yóò mú òfin ṣẹ, èyí kò sì tíì pé títí di òní. Pàṣán tí a fi na ìyálé ń bẹ lájà fún ìyàwó. Kí àwa tí a ń kàwé má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn ni.